Iye tí wọ́n fi ń kọ́ ilé lónìí kọ́ ni iye ilé bàbá yín

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá fẹ́ pín ogún tàbí tó fẹ́ ta ilé. Bàbá kọ́ ilé yàrá mẹ́wàá sí agbo ilé. Wọ́n pe bíríkìlà, ó ní kí èèyàn tó lè kọ́ irú ẹ̀ lónìí, owó báyìí báyìí ló máa ná. Ni wọ́n bá gbà pé iye ilé nìyẹn. Láti 2024, nígbà tí àpò sìmẹ́ǹtì kan kọjá 10,000 náírà, ni ìṣirò yìí tún ti gbilẹ̀ sí i: bí sìmẹ́ǹtì bá ṣe ń gbówó lórí ni wọ́n ń fowó kún ilé tó jẹ́ pé amọ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ó ń bí mi nínú, torí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti tìtorí ẹ̀ di ọ̀tá.

Pé ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ ilé búlọ́ọ̀kù, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ń jiyàn ìyẹn. Ẹ fi ìka kan ògiri náà nísàlẹ̀, níbi tí òjò máa ń ta sí. Ibi tí sìmẹ́ǹtì bá ti ṣí kúrò lára amọ̀ máa dún bí ohun tó ṣófo. Amọ̀ ń fa omi, sìmẹ́ǹtì ò jẹ́ kí omi rí ọ̀nà jáde. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn méjèèjì á pínyà. Ẹ wòkè: páànù ti dípẹtà, ikán ti wọ igi òrùlé. Àwọn tó mọ iṣẹ́ dídíyelé ilé náà máa ń ṣírò iye tí wọ́n lè fi kọ́ ọ lónìí, pàápàá fún irú ilé tí wọn kì í sábà tà, bíi ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n wọ́n á yọ ohun tí ọjọ́ orí àti ìbàjẹ́ ti jẹ lára ẹ̀. Ìdajì ìṣirò ni bíríkìlà ṣe fún yín.

Àwọn kan á ní kí a fi ilé sílẹ̀, pé ilẹ̀ ni wọ́n ń rà. Wọ́n á mú iye pílọ́ọ̀tì kan lápá yunifásítì LAUTECH, wọ́n á fi lé ilẹ̀ agbo ilé lórí. Lọ́hùn-ún, akẹ́kọ̀ọ́ ń wá yàrá, ọkọ̀ sì ń dé ẹnu ọ̀nà. Nínú agbo ilé, ilé méjì lè jọ máa lo ògiri kan, kí igi òrùlé tiyín gorí ògiri tí àbúrò bàbá yín kọ́. Ẹni tó bá rà á láti wó o kọ́ tuntun ò lè fọwọ́ kan ògiri yẹn láìjẹ́ pé ará ilé kejì gbà, torí bó bá wó, tonítọ̀hún ló máa tẹ̀ lé e. Olùrà ò ní san owó ilẹ̀ òfìfo fún irú èyí.

Ohun tó wá kù ni iye tí ẹnì kan ti san rí fún irú ilé bẹ́ẹ̀, ládùúgbò bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ há sí. Ẹ bi éjẹ́ǹtì, iye tí wọ́n ń pè ló máa sọ, kì í ṣe iye tí wọ́n gbà. Ẹ bi ẹni tó tà á, ó lè má fẹ́ kí ẹbí mọ gbogbo ohun tó wọlé. Ẹni tó rà á lè bu iye náà kù torí owó tí ìjọba máa gbà lórí ìwé, ó sì lè bù ú lé kó lè níyì. Ìwé àdéhùn pàápàá, iye tó wà nínú ẹ̀ kì í fìgbà gbogbo jẹ́ iye tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní ìlú ọba ni èyí kì í tètè yé. Ilé àtijọ́ tó tò tẹ̀ léra, tí ògiri wọn so pọ̀, wọ́pọ̀ níbẹ̀, ìjọba sì ti kó iye tí wọ́n ta ilé sí ní England àti Wales láti 1995 sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Bí wọ́n bá ta ilé kẹta sí tiwọn lọ́dún tó kọjá, wọ́n ti ríbi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á wá pè wá láti ọ̀hún, wọ́n á ní ká lọ wo iye tí wọ́n ta èyí tó wà nítòsí. Níbo la ti fẹ́ wò ó?

Títà gan-an ò wọ́pọ̀. Owó Gáná àti owó Òkè Ọya ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé yìí. Àwọn bàbá wa ṣòwò ní Gáná títí di November 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n kúrò nílùú. Wọ́n kọ́lé kí orúkọ má bàa parẹ́, kí ọmọ lè rílé wọ̀ bó bá dé. Wọ́n sin bàbá síbẹ̀, sàréè ṣì wà lọ́ọ̀dẹ̀, olùrà tí kì í ṣọmọ ilé á sì rí i kó tó wo yàrá kankan.

Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á tún ń jẹ lára iye náà. Ilé ẹjọ́ ti là á mọ́lẹ̀ nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959: bí ọmọ ẹbí kan bá ta ohun ìní ẹbí láìsí ọwọ́ olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà; ṣùgbọ́n bí olórí ẹbí bá dá a tà láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i, wọ́n lè lọ fagi lé e ní kóòtù. Olùrà tó gbọ́n á yọ ewu yìí kúrò nínú owó tó fẹ́ san.

Nítorí náà, èmi ò lè sọ pé ilé bàbá yín tó báyìí. Ó lè ju bí mo ṣe ń rò ó lọ bó bá wà lójú títì, bíi ní Tákíẹ́, tí yàrá iwájú lè di ṣọ́ọ̀bù. Owó ilé tó ń wọlé lọ́dún, lẹ́yìn àtúnṣe, ni mo rò pé a lè gbára lé díẹ̀, torí àwọn ayálégbé mọ iye tí wọ́n ń san. Iye méjì, èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù, ni màá gbà gbọ́ ju iye kan ṣoṣo lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ má fi ìṣirò sìmẹ́ǹtì béèrè ìpín yín lọ́wọ́ àbúrò tó ń gbé inú ilé náà. Ẹ lè máa bi í ní owó tí olùrà kankan ò ní san. Ẹ ṣọ́ra fún éjẹ́ǹtì tó ń díyelé, tó sì tún fẹ́ bá yín tà á: iye gọbọi ló máa pè kẹ́ ẹ lè gbé ilé fún un, lẹ́yìn náà á máa já a wálẹ̀ lóṣooṣù. Adíyelé tí ìgbìmọ̀ àwọn adíyelé, èyí tí òfin 1975 dá sílẹ̀, fún níwèé iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ wá. Kẹ́ ẹ sì bi òun náà pé ilé wo ló fi wé tiyín, ìgbà wo ni wọ́n tà á, ta ló fi ìwé hàn án. Bí kò bá rí ẹyọ kan dárúkọ, kó kọ ìyẹn náà sínú ìwé tó máa fún yín.