Bí Ímeèlì Ṣe Ń Di Iṣẹ́ Lórí Pátákó

Ní ilé ìtẹ̀wé tó bá rọ́wọ́ mú díẹ̀ ní Alékúwodò, ní Òṣogbo, iṣẹ́ kì í gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo wọlé. Ẹnì kan á pe fóònù, ẹlòmíràn á ju àwòrán sórí WhatsApp, ilé-ìwé kan láti Òkè-Fíà á kọ ímeèlì tí fáìlì mẹ́ta so mọ́. Tí oṣù Kẹjọ bá sì ń sún mọ́lé, tí ọdún Ọ̀ṣun ku dẹ̀dẹ̀, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè bánà àti tíṣáàtì, kò sẹ́ni tó lè fi orí lásán kó gbogbo rẹ̀ pamọ́. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni pátákó iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì wà fún: Trello, Asana, Todoist, Redmine àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀, orúkọ ẹni tó ń ṣe é wà lára rẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ sì ń rí ibi tó dé.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé pátákó tí ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan sí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó dúró ní káńtà, tí oníbàárà mẹ́rin ń pè lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní ráyè ṣí áàpù, kó wá pátákó tó yẹ, kó tẹ orúkọ iṣẹ́, kó tún wá fáìlì so mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ohun tó ń wá ti wà nínú ímeèlì oníbàárà: ọ̀rọ̀ rẹ̀, dìsáìn rẹ̀, iye tó fẹ́. Nítorí èyí ni àwọn tó ń ṣe irú áàpù yìí fi fún pátákó ní àdírẹ́sì ímeèlì tirẹ̀. Ẹ darí lẹ́tà síbẹ̀, á sì di iṣẹ́.

Inú àdírẹ́sì yẹn ni ọgbọ́n náà pọ̀ sí jù. Ní Trello, pátákó kọ̀ọ̀kan máa ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó wà lórí rẹ̀ ní àdírẹ́sì gígùn kan, lẹ́tà àti nọ́ńbà tó lọ́ mọ́ra wọn, tí ẹnikẹ́ni ò lè dédé méfò. Nítorí pé ti ẹnì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, àdírẹ́sì tí lẹ́tà gbà wọlé ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé pátákó báyìí ni, lágbájá ló sì rán an. Todoist náà ń ṣe ohun tó jọ ọ́, àdírẹ́sì kan fún iṣẹ́ ńlá kọ̀ọ̀kan. Asana gba ọ̀nà mìíràn pọ̀ mọ́ ọn: àdírẹ́sì x@mail.asana.com kan náà ni gbogbo ayé ń lò láti fi iṣẹ́ sínú àkójọ tara wọn, ohun tí ẹ̀rọ sì ń wò ni ẹni tó kọ lẹ́tà. Bí àdírẹ́sì ẹni náà bá wà lórí àkáǹtì Asana kan, inú àkáǹtì yẹn ni iṣẹ́ bọ́ sí. Ẹni tó bá fi àdírẹ́sì ilé forúkọ sílẹ̀, tó wá ń fi ti ibi iṣẹ́ ránṣẹ́, á retí iṣẹ́ títí, kò ní rí i.

Ọ̀nà méjèèjì ló ní ibi tó kù sí. Orúkọ tó wà níwájú ímeèlì kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú. Òfin SMTP tí ímeèlì ń rìn lé ti wà láti 1982, nígbà tí àwọn tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò pọ̀, tí wọ́n sì fọkàn tán ara wọn. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé kó fi hàn pé òun ni òun. SPF, DKIM àti DMARC, àwọn ìlànà àyẹ̀wò tó dé lẹ́yìn, ló ń bá sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba lẹ́tà tó sì ń fi í ránṣẹ́, yẹ̀ ẹ́ wò bóyá lẹ́tà ti ibi tó sọ wá lóòótọ́. Ti àdírẹ́sì àṣírí, bíi kọ́kọ́rọ́ ilé ni: ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ á wọlé. Ẹ má fi í sórí káàdì ìpolówó, ẹ má sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gúrúùpù WhatsApp tí oníbàárà wà. Bó bá ti tú síta, Trello fàyè gba kí a ṣẹ̀dá tuntun, ti àtijọ́ á sì kú.

Bí lẹ́tà bá ti kúrò lórí fóònù, sáfà ẹni tó kọ ọ́ ló máa gbé e fún sáfà tó ń gbàlejò fún pátákó náà. Ní ti Trello àti Asana, sáfà kan wà tó ń dúró de lẹ́tà, ìyẹn ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ yára hàn. Redmine, tí èèyàn lè gbé sórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, lè ṣe é ní ọ̀nà mìíràn: ètò kékeré kan á máa lọ yọjú wo àpótí ímeèlì lásán nípasẹ̀ IMAP, ìlànà tí a fi ń ka lẹ́tà tó wà lórí sáfà, á kó ohun tó bá níbẹ̀, á sọ wọ́n di iṣẹ́. Bí ẹni tó tò ó bá ní kó máa lọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, lẹ́tà tó dé ní kété tí ètò náà kúrò níbẹ̀ á dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ á tú lẹ́tà palẹ̀. Àkọlé á di orúkọ iṣẹ́. Ara lẹ́tà á di àlàyé iṣẹ́ ní Trello àti Asana. Ní Todoist, abẹ́ iṣẹ́ ló ń lọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìfikún. Fáìlì á so mọ́ ọn. Ó tán. Ẹ̀rọ náà ò ka lẹ́tà bí èèyàn ṣe ń kà á. Ó kàn ń gbé nǹkan láti ibì kan síbòmíràn ni, ohun tí ẹ ò bá sì fi sí àyè rẹ̀, kò mọ̀ pé ó wà.

Àkọlé ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù, ó sì rọrùn láti rí ìdí rẹ̀. Àwa tí a kọ́ wa pé ìkíni ló ṣáájú ọ̀rọ̀, ìkíni náà la máa ń kọ sí àkọlé: “Ẹ káàárọ̀ sà”, “Good day ma”. Àwọn mìíràn á fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Bí ẹ bá darí irú rẹ̀ sí pátákó bó ṣe wà, káàdì mẹ́fà (orúkọ tí Trello ń pe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nìyẹn) á tò sórí ara wọn, gbogbo wọn ń jẹ́ “Fwd: Ẹ káàárọ̀ sà”, kò sì sẹ́ni tó máa mọ èwo ni bánà, èwo ni ìwé ètò ìsìnkú, àfi kó ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa ìkíni rẹ́ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, ẹ kọ “Bánà ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 4, ẹyọ méjì, ọjọ́ Ẹtì”. Oníbàárà ò ní bínú, kò kúkú ní rí i.

Àkọlé yẹn tún lè gba àṣẹ. Ní Trello, àmì # pẹ̀lú orúkọ lébẹ́ẹ̀lì á lẹ lébẹ́ẹ̀lì náà mọ́ káàdì, @ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó wà lórí pátákó á sì gbé iṣẹ́ lé ẹni náà lọ́wọ́. Redmine ń wá tirẹ̀ nínú ara lẹ́tà, lórí ìlà tó dá dúró, bíi “Priority: High”. Asana ń lo ibi tí a ń kọ àdírẹ́sì sí: ẹni tí ẹ bá fi sí CC, àyè àwọn tí a fi ẹ̀dà lẹ́tà ránṣẹ́ sí, á máa rí bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Todoist mọ ọjọ́ tí a bá kọ sáàárín àmì, bíi <date tomorrow>, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Yorùbá. Bí ẹ bá kọ “ọ̀la” síbẹ̀, kò ní yé e.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá mú wa dé ibi kan tí àwọn tó kọ ìwé ìlò àwọn áàpù yìí ò jọ pé wọ́n rò dé. Orúkọ iṣẹ́ tó ní àmì ohùn kì í sábà ní wàhálà. Ètò ímeèlì ní ọ̀nà láti di irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ní dídì kó lè rìnrìn àjò, ẹ̀rọ ọ̀hún á sì tú u. Lébẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà èdè gbogbo ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, “ẹ́” kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan tirẹ̀. A lè fi “ẹ” àti àmì òkè kọ ọ́, a sì lè fi “é” àti àmì ìsàlẹ̀ kọ ọ́. Bọ́tìnnì fóònù kan lè tẹ ti àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà ọ̀gá lè tẹ èkejì. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Ẹ̀rọ tí a kò kọ́ láti so méjèèjì pọ̀ á ka wọn sí ọ̀rọ̀ méjì, á sì sọ pé òun ò rí lébẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí láti sọ ọ́, àmọ́ ẹ bọ́ àmì kúrò lára orúkọ lébẹ́ẹ̀lì: “kiakia”, “bana”, “iwe”. Ẹ fi àmì sí gbogbo ibi yòókù.

Ti fáìlì náà ní ìṣòro tirẹ̀. Kí àwòrán tó lè bá ímeèlì rìn, wọ́n ń sọ ọ́ di ọ̀wọ́ lẹ́tà a-b-d àti nọ́ńbà ni, ìyẹn sì ń fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta kún ìwọ̀n rẹ̀. Gmail ò gbà kí ohun tí a so mọ́ lẹ́tà ju 25 MB lọ. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀, á gbé e sí Google Drive, àpótí fáìlì orí íntánẹ́ẹ̀tì, á fi líǹkì rọ́pò rẹ̀. Dìsáìn bánà ńlá sì lè kọjá ìyẹn láìṣe wàhálà kankan. Káàdì á dé, líǹkì nìkan ló máa wà nínú rẹ̀, bí oníbàárà ò bá sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ á dúró síta. Àwòrán kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà àwọn ilé-iṣẹ́, lógò àti àmì Facebook, náà máa ń wọlé bíi fáìlì. Wọn ò pani lára, wọ́n kàn ń dí ojú ni.

Bí oníbàárà bá tún kọ̀wé pé òun fẹ́ yí àwọ̀ padà ńkọ́? Bí ẹ bá darí ìyẹn náà sí àdírẹ́sì pátákó Trello, káàdì tuntun ló máa dá, ẹni méjì á sì lè máa ṣe iṣẹ́ kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Káàdì kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀ fún irú èyí. Ohun tó bá gba ibẹ̀ wọlé á di ọ̀rọ̀ ìfikún lábẹ́ káàdì náà. Redmine ń wo nọ́ńbà iṣẹ́ nínú àkọlé, bíi [#123], Jira, áàpù iṣẹ́ mìíràn, náà ń wo tirẹ̀, bíi ABC-123, nítorí náà ẹ má pa nọ́ńbà yẹn rẹ́ tí ẹ bá ń dáhùn.

Ẹni tó bá rẹ̀ láti máa darí lẹ́tà lọ́wọ́ lè ní kí Gmail máa ṣe é fúnra rẹ̀ fún lẹ́tà oníbàárà kan. Gmail á kọ́kọ́ fi kóòdù ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tuntun yẹn láti mọ̀ bóyá ẹ ní ẹ̀tọ́ sí i. Ẹ má wá a kiri inú àpótí ímeèlì: orí pátákó ló wà, ó ti di káàdì.

Bí iná bá lọ tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọṣẹ́, ímeèlì tó wà lórí fóònù á dúró sínú àpótí tó ń jáde lọ títí ọ̀nà á fi là. Bó bá ti dé ọwọ́ sáfà, tí sáfà kejì ò sì dáhùn, ìlànà SMTP ní kó máa tún un gbìyànjú fún ó kéré tán ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún kó tó dá a padà.

Ohun kan tó kù ni ibi tí káàdì tuntun máa balẹ̀ sí. Trello ń jẹ́ kí a yan àkójọ tó máa wọ̀, lókè tàbí nísàlẹ̀. Àkójọ kan tó dá dúró, tí a pè ní “Tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé”, ló dáa jù, nítorí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ sí, tí a ò sì tíì gba àsansílẹ̀ rẹ̀, kò gbọdọ̀ bá èyí tó wà lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dàpọ̀. Kí ẹnì kan máa yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀, kó pe oníbàárà lórí iye owó, kó wá gbé káàdì náà sọ́dọ̀ ẹni tó máa ṣe é.