Bí A Ṣe Ń Yan Àńtẹ́nà Rédíò CB fún Ọkọ̀ àti Bí A Ṣe Ń Tún Gígùn Rẹ̀ Ṣe

Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń mì lórí ọkọ̀ tí wọ́n so rédíò CB mọ́ (rédíò tí àwọn ará ìlú fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀) kì í ṣe odindi àńtẹ́nà. Ìdajì rẹ̀ ni. Ìdajì kejì ni ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn òrùlé, búùtù àti gbogbo irin tó so mọ́ra wọn dáadáa. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn kó tó ra ohunkóhun kò ní ná ìnákúnàá.

Ìkànnì 40 ni rédíò CB ní, láti 26.965 MHz dé 27.405 MHz, ìgbì tó sì ń rìn níbẹ̀ gùn tó nǹkan bíi mítà 11. Àńtẹ́nà tó bá gùn tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbì náà ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù lórí ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá irin tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8 àbọ̀, tí wọ́n gbé ka orí sípíríǹgì, fi ju gbogbo àwọn tó kúrú lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé Gwarinpa tàbí Kubwa, tó ń gba abẹ́ géètì ẹ́sítéètì àti abẹ́ òrùlé ilé epo kọjá lójoojúmọ́, kò lè gbé irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ kiri. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀pá kúkúrú tí wọ́n ká wáyà sí ìdí, àárín tàbí orí rẹ̀, kí ó lè máa hùwà bí ọ̀pá gígùn. Èyí tí wọ́n ká wáyà sí ìdí rẹ̀ rọrùn láti gbé ka orí òòfà. Èyí tí wọ́n ká tirẹ̀ sókè dára fún ọkọ̀ àjàgbé, nítorí pé apá ibi tó ń fi agbára ránṣẹ́ jù lọ á ga ju ara ọkọ̀ lọ. Bí ọ̀pá bá ṣe kúrú tó ni agbára tó ń ṣòfò nínú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, ìwọ̀nba ìkànnì ni yóò sì lè gbé dáadáa. Ó sàn kí a ra èyí tó gùn jù nínú èyí tí ọkọ̀ wa lè gbà.

Àárín òrùlé irin ni ibi tó dára jù láti gbé e sí, nítorí pé ohùn á lọ sí gbogbo apá bákan náà. Bí a bá gbé e sí igun ẹ̀yìn lápá òsì, apá iwájú lọ́tùn-ún ni ohùn yóò ti lágbára jù, torí pé ibẹ̀ ni irin ọkọ̀ pọ̀ sí. Òòfà kò lè di alumíníọ̀mù mú. Bí a bá sì fẹ́ fi bóòtù dè é, kí rewáyà tó bá ń ṣe é, ní Apo tàbí níbòmíràn, há ọ̀dà kúrò lábẹ́ rẹ̀ kí irin lè kan irin. Earth, ìyẹn ìsopọ̀ àńtẹ́nà mọ́ irin ara ọkọ̀, tí kò dára ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù.

Lẹ́yìn èyí ni a tó lè wọn SWR, ìyẹn iye tó ń fi hàn bí agbára tó ń padà sẹ́yìn láti àńtẹ́nà sínú rédíò ṣe pọ̀ tó. Ní ìta gbangba, tí kò sí ògiri, òrùlé tàbí ènìyàn nítòsí, a ó ti gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀, a ó fi mítà sáàárín rédíò àti wáyà àńtẹ́nà, a ó tẹ maikírófóònù láìsọ̀rọ̀, a ó yí bọ́tìnnì mítà títí abẹ́rẹ́ rẹ̀ yóò fi dé ibi SET, kí a tó yí ṣíwíìṣì mítà náà láti FWD sí REF láti ka iye tó bá mú wá. Ìkànnì 1, 20 àti 40 ni a ó wò. Bí ti 40 bá ju ti 1 lọ, àńtẹ́nà ti gùn jù. Bí ti 1 bá ju ti 40 lọ, ó kúrú jù. A ó kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì kékeré tó di ọ̀pá mú, ká fà á sókè tàbí ká tì í sísàlẹ̀. Bí ó bá di dandan láti gé irin, mìlímítà díẹ̀díẹ̀ ni, torí pé ohun tí a bá gé kò ṣeé dá padà. Tí SWR bá wà lábẹ́ 1.5 ó dára gan-an, lábẹ́ 2 kò burú, ṣùgbọ́n bí ó bá ju 3 lọ, kí a má tẹ maikírófóònù mọ́, kí rédíò má bàa jóná.

Tó bá ju 3 lọ lórí gbogbo ìkànnì, gígùn kọ́ ni àléébù. Earth tàbí wáyà ni kí a yẹ̀ wò. SWR tó kéré náà kò fi hàn pé ohùn ń jìnnà: wáyà tí omi wọ̀ lè gbé agbára mì kí mítà sì fi iye tó dára hàn. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ mìíràn ní ọ̀nà Kaduna, tó ń sọ bí òun ṣe ń gbọ́ wa, ni ẹ̀rí tó dájú.

Ní àsìkò ọyẹ́, eruku gbígbẹ tó ń lu ọ̀pá lè kó iná sí i lára, tí ariwo yóò fi máa dún nínú rédíò. Bọ́ọ̀lù kékeré orí ṣóńṣó ọ̀pá ń dín ariwo yìí kù. Kí a má yọ ọ́, kí a sì tún wọn SWR bí a bá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ó wà lára gígùn àńtẹ́nà.