Dẹ́kìn anàpá ni, kì í ṣe dẹ́kìn àgbékọ́

Ẹni tó bá lọ wo Fallingwater, ilé tí Frank Lloyd Wright, ayàwòrán ilé, yà sórí odò Bear Run ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, tó bá ti rí bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ṣe yọ sórí omi, yóò béèrè ohun tó gbé e dúró. Kò rí òpó kankan lábẹ́ etí rẹ̀. Kantilífà ni àwọn ẹnjiníà ń pè é. Dẹ́kìn anàpá, ìyẹn pẹpẹ kọnkéré tó nà jáde bí apá, ni mo ń pè é ní Yorùbá ní tèmi.

Àwọn kan ní "dẹ́kìn àgbékọ́" ló dáa jù. N kò gbà. Ohun tí a bá gbé kọ́, òkè ni agbára rẹ̀ ti ń wá; ìkọ́ tàbí okùn gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Kò sí èyíkéyìí lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Fallingwater yìí. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti dì í mú, níbi tó ti wọnú ilé lọ. Àwọn mìíràn ní ká fi "kantilífà" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé gbogbo bíríkìlà ló ti mọ̀ ọ́n. Ẹ bi bíríkìlà léèrè ibi tí irin inú dẹ́kìn náà ń wà, ẹ ó rí i pé orúkọ lásán ni púpọ̀ nínú wọn mọ̀. Kí la fẹ́ fi orúkọ tí kò kọ́ òṣìṣẹ́ ní nǹkan kan ṣe? "Àgbékọ́" tiẹ̀ burú jù ú lọ, nítorí ó ń ṣini lọ́nà. "Anàpá" ń sọ iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe.

Ẹ na apá kan sí ẹ̀gbẹ́ kó le gbọingbọin, kí ẹ fi korobá omi kọ́ ọwọ́ náà. Orí èjìká ni yóò ti máa ro yín. Iṣan òkè ló ń fà. Abẹ́ apá ń fún pọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni dẹ́kìn yìí. Kọnkéré lè gba ìfúnpọ̀, àmọ́ bí a bá fà á, yóò sán. Irin ló ń bá a gba ìfà. Dẹ́kìn tó dùbúlẹ̀ sórí ògiri méjì, ìsàlẹ̀ ló ti ń fà láàárín, ibẹ̀ la sì ń to irin rẹ̀ sí. Ti anàpá, òkè ni, irin náà sì gbọ́dọ̀ wọlé jìnnà sẹ́yìn. Bóyá bíìmù, ìyẹn ìtì kọnkéré gígùn, ló nàpá tàbí pẹpẹ, ìyẹn kò yí nǹkan kan padà.

Wright fúnra rẹ̀ fojú kéré ọ̀rọ̀ irin yìí. Àwọn ẹnjiníà tí Edgar Kaufmann, onílé, pè wá sọ pé irin inú yíyà náà kò tó. Agbaṣẹ́ṣe fi kún un, inú sì bí Wright gidigidi. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe yọ pákó tó gbé kọnkéré dúró báyìí, dẹ́kìn náà ti rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, etí rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ tó íǹṣì 7. Ní 2002, wọ́n gba wáyà irin ńláńlá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn bíìmù, wọ́n fà wọ́n le dan-in, kó má baà rọ̀ mọ́.

Ẹni tó ń kọ́ bákónì anàpá sílé rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń da kọnkéré. Irin tí wọ́n to sókè láàárọ̀, ẹsẹ̀ àwọn tó ń ru kọnkéré lè ti tẹ̀ ẹ́ dé orí pákó kó tó di ọ̀sán, kò sì sẹ́ni tó máa rí i mọ́ tí kọnkéré bá ti bò ó. Kí wọ́n tẹ irin kéékèèké sábẹ́ rẹ̀ tí yóò gbé e sókè, kí wọ́n fi wáyà dì í, kí wọ́n sì tẹ́ pákó tí wọ́n á máa gbà kọjá.