All Things Bright and Beautiful (orin ìsìn)

"All Things Bright and Beautiful" jẹ́ orin ìsìn Kristẹni tí Cecil Frances Alexander, akéwì ará Ireland, fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ fún àwọn ọmọdé. Ọdún 1848 ló jáde nínú ìwé rẹ̀, Hymns for Little Children. Iṣẹ́ ọwọ́ Ẹlẹ́dàá ni orin náà ń kà jọ, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ló sì mọ̀ ọ́n lórí láti àpéjọ àárọ̀.

Ìlú Dublin ni wọ́n ti bí Alexander lọ́dún 1818. Humphreys ni orúkọ bàbá rẹ̀. Kò tíì wọlé ọkọ nígbà tó kọ ìwé náà. Ohun tó ń lé ni pé kí ọmọdé lóye Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì tí wọ́n ń kọ́ sórí, nítorí náà ó fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní orin tirẹ̀. "A bí i nínú Màríà Wúńdíá" ló bí "Once in Royal David's City". "A kàn án mọ́ àgbélébùú" ló bí "There Is a Green Hill Far Away". "Ẹlẹ́dàá ọ̀run òun ayé" ni orin tí à ń sọ yìí dúró lé. Àlùfáà John Keble, tí òun náà jẹ́ akéwì, ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà.

Ojú ọmọdé ni orin náà fi wo ayé. Ó mẹ́nu ba òdòdó kéékèèké tó ń là, ẹyẹ tó ń kọrin, òkè tí orí rẹ̀ pọ́n bí àlùkò, odò tó ń ṣàn kọjá, atẹ́gùn tútù ìgbà òtútù, àti koríko etí omi tí àwọn ọmọ ń já lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ni ègbè máa ń padà wá pé Olúwa Ọlọ́run ló dá gbogbo wọn. Ẹni tó bá mọ Sáàmù 104 yóò gbúròó rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹsẹ kẹta ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ó sọ nípa olówó nínú ilé olódi rẹ̀ àti tálákà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, pé Ọlọ́run ló dá wọn ní ẹni gíga àti ẹni rírẹlẹ̀, tó sì fi olúkúlùkù sí ipò rẹ̀. Ọdún tí ìwé náà jáde, ìyàn ńlá wà ní Ireland: àrùn ti ba ọ̀dùnkún òyìnbó jẹ́ láti 1845, ó sì tó mílíọ̀nù kan ènìyàn tó kú kí ìyàn náà tó rọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ náà wúwo gan-an lójú irú àkókò bẹ́ẹ̀. Percy Dearmer, àlùfáà tó ń jà fún àwọn mẹ̀kúnnù, yọ ọ́ kúrò nínú The English Hymnal lọ́dún 1906, ìwé orin púpọ̀ lónìí kò sì ní i mọ́.

Síbẹ̀, kò tọ́ kí a torí ẹsẹ kan pe òǹkọ̀wé náà ní aláìláàánú. Owó tí wọ́n rí lórí ìwé yìí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ adití ní Strabane, ó sì máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ bẹ àwọn aláìsàn àti aláìní wò ní abúlé.

Ohùn méjì ni wọ́n sábà máa ń fi kọ orin náà. William Henry Monk ṣe ọ̀kan, ó jáde lọ́dún 1887. Èkejì, "Royal Oak", jẹ́ ohùn àtijọ́ láàárín àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Martin Shaw ló tún un tò lọ́dún 1915.

Alexander fẹ́ àlùfáà William Alexander lọ́dún 1850. Ọkọ rẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù Derry àti Raphoe lọ́dún 1867. Derry náà ni ìyàwó rẹ̀ kú sí ní oṣù kẹwàá ọdún 1895. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, William di àṣíbíṣọ́ọ̀bù Armagh, ó sì kó àwọn ewì ìyàwó rẹ̀ jọ sínú ìwé kan.