Stẹ́ǹtì inú iṣan àyà: iṣẹ́ wo ló ń ṣe fún alárùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró?

Nígbà mìíràn tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró bá fún iṣan ẹ̀jẹ̀ kan pa nínú àyà, bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù aláìsàn ló máa ń kọ́kọ́ tú u fó. Ẹ̀wù tó ba èèyàn mu lóṣù tó kọjá kò ṣeé dé lọ́rùn mọ́. Tó bá jí láàárọ̀, ojú rẹ̀ á ti wú. Tó bá tẹ̀ba láti so okùn bàtà, orí á máa fọ́ ọ bíi pé ó fẹ́ là. Tó bá dìde dúró fúngbà díẹ̀, ojú náà á rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ á sọ pé àìsùn ló fà á.

Iṣan kan ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti orí, ọrùn, apá méjèèjì àti òkè àyà padà sínú ọkàn, inú iṣan yìí ló ń gbà. Superior vena cava làwọn dókítà ń pè é. Gígùn rẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 7, ó sì fẹ̀ tó bíi 2. Ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kì í sì í tì pẹ̀lú agbára, nítorí náà ohun tó bá fara tì í yóò fún un pa. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún ló sì wà gan-an. Jẹjẹrẹ tó bá wú níbẹ̀, orí rẹ̀ ló máa jókòó lé.

Ẹ̀jẹ̀ tí kò rí títì gbà á yà sí ẹ̀bùrú. Ìdí nìyẹn tí àwọn iṣan kéékèèké fi máa ń yọ sójú àyà bíi gbòǹgbò igi. Bí dídí náà bá rọra ń wáyé, ẹ̀bùrú lè gbé ẹrù náà fúngbà díẹ̀. Tó bá dé lójijì, kò sáyè ìyẹn.

Stẹ́ǹtì ni ọ̀pá kékeré tí wọ́n fi irin hun bí àwọ̀n. (Dókítà eyín kan ní London, Charles Stent, ló ni orúkọ náà.) Wọn kì í la àyà kí wọ́n tó fi sí i. Wọ́n á fi oògùn mú kí ara kú níbi tí itan ti pàdé ikùn, tàbí lọ́rùn, wọ́n á gún iṣan ibẹ̀, wọ́n á sì ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé, bí wọ́n ti ń wò ó lójú ẹ̀rọ X-ray. Kí wáyà yẹn la ibi tó fún kọjá niṣẹ́ tó le jù. Lẹ́yìn rẹ̀, stẹ́ǹtì tí wọ́n ká mọ́ra á gun orí wáyà lọ. Tí wọ́n bá tú u sílẹ̀, á fúnra rẹ̀ là, torí pé irin tí wọ́n sábà fi ń ṣe é máa ń rántí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ tí ooru ara bá ti kàn án. Bàlúùnù kékeré lè bá wọn fẹ̀ ẹ́ sí i.

Orí fífọ́ lè lọ lójú ẹsẹ̀. Ojú á fọn láàárín ọjọ́ kan sí méjì, apá á tẹ̀ lé e. Ìtànṣán tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ àti oògùn rẹ̀ kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Ohun mìíràn tí mo kà sí àǹfààní ni pé stẹ́ǹtì kì í ba ẹran ara tí wọ́n fẹ́ gé wò jẹ́, kí wọ́n lè mọ irú jẹjẹrẹ tó jẹ́.

Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan jẹjẹrẹ náà. Ó lè hù gba ojú àwọ̀n náà wọlé, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì sínú rẹ̀, ìdí tí wọ́n fi ń fún àwọn kan ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó lè yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀, tàbí kí iṣan ya.

Kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ náà, kí aláìsàn gbé orí sókè tó bá ń sùn, kí wọ́n má sì fa omi sí i lápá. Bí èémí rẹ̀ bá ń han, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bára mu mọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó dé ilé ìwòsàn.