Ta lẹ fẹ́ tà á fún? Target marketing nínú iṣẹ́ inṣọ́ránsì

Bí ajẹ́ǹtì inṣọ́ránsì bá wọ ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó ń há ìwé pélébé kan náà fún alátà, aláṣọ, awakọ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́, yóò rìn títí bàtà á fi jẹ, ohun tó máa gbé délé kò ní tó nǹkan. Ohun tí wọ́n ń pè ní target marketing ni pé kó kọ́kọ́ pín àwọn èèyàn sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, kó mú ọ̀wọ́ kan tàbí méjì tó mọ ìdààmú wọn dunjú, kó wá tún ọjà rẹ̀, iye owó rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣe kó bá wọn mu. Àwọn yòókù ńkọ́? Kó fi wọ́n sílẹ̀ ná. Ibẹ̀ ló máa ń nira jù fún ẹni tí ọ̀gá ń retí owó lọ́wọ́ rẹ̀ níparí oṣù.

Ẹ jẹ́ ká mú àwọn tó ń ta obi gbànja ní Ṣágámù. Ẹni tó kó àpò obi sínú ọkọ̀ àjàgbé tó ń lọ sókè Ọya, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ títí ọkọ̀ á fi gúnlẹ̀. Bó bá dojú dé lọ́nà tàbí tó gbiná, òwò ọdún kan lè ṣòfò lọ́sàn-án kan. Inṣọ́ránsì ẹrù tó wà lójú ọ̀nà ló bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mu, kì í ṣe ti owó iléèwé ọmọ. Ìgbà tí obi bá pọ̀ lọ́jà, tí owó ń wọlé, ni kéèyàn lọ bá a. Kó má sì fi òótọ́ pamọ́: obi tó bá jẹrà fúnra rẹ̀, tàbí tí kòkòrò bá jẹ, kì í sábà sí lára ohun tí ilé iṣẹ́ ń san owó lé lórí. Oníṣòwò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ èyí lẹ́yìn tó ti pàdánù, gbogbo ọjà ló máa ròyìn ajẹ́ǹtì náà fún.

Àwọn awakọ̀ ní tiwọn, òfin ti kó wọn jọ. Ọkọ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ wọ títì láìní third party, ìyẹn inṣọ́ránsì tó ń san owó fún ẹlòmíì tí ọkọ̀ náà bá ṣe ní jàǹbá. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, ₦15,000 ni fún ọkọ̀ àdáni, ó sì lè san tó ₦3,000,000 lórí dúkìá ẹlòmíì tí ọkọ̀ náà bá bà jẹ́. Àmọ́ torí ọlọ́pàá ni ọ̀pọ̀ ṣe ń rà á, gbogbo ajẹ́ǹtì ló sì ń lé wọn. Lójú tèmi, kò sí èrè gidi níbẹ̀ mọ́.

Àwa Ìjẹ̀bú tilẹ̀ ti pín ara wa sí ọ̀wọ́ kí ajẹ́ǹtì tó dé: ẹ wo àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí. Ọjọ́ orí wà lára ohun tó ń pinnu iye tí èèyàn máa san lórí inṣọ́ránsì ẹ̀mí, ọjọ́ orí àwọn wọ̀nyí sì ti sún mọ́ra. Ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí wọn ti lé lọ́gọ́ta ọdún á fẹ́ gbọ́ nípa owó ìsìnkú, kí ìnáwó má bàa di gbèsè sọ́rùn ọmọ. (Ẹ má lọ lọ́jọ́ Ojúde Ọba o! Níbi tí ẹṣin ti ń jó, ta ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ikú? Ìpàdé wọn ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ gba ọ̀dọ̀ alága wọn wọlé.) Mùsùlùmí tó ń sá fún èlé nínú wọn, takaful ni kẹ́ ẹ gbé lọ bá a, níbi tí àwọn oníbàárà ti ń dáwó jọ láti ran ara wọn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ tó rọrùn láti bá sọ̀rọ̀ lè léwu fún ilé iṣẹ́. Àwọn onípákó tí ìsọ̀ wọn fara kanra ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọjọ́ kan péré lèèyàn fi lè bá ogójì wọn sọ̀rọ̀. Bí iná bá ṣẹ́ yọ níbì kan, ogójì náà ló lè wá gba owó gbà-má-bínú lẹ́ẹ̀kan náà. Owó ọ̀pọ̀ tí kò ṣòfò ni inṣọ́ránsì fi ń san ti ìwọ̀nba tó ṣòfò. Bí gbogbo wọn bá jóná pọ̀, ìṣirò ti dàrú. Nítorí náà, ajẹ́ǹtì tó gbọ́n á mú díẹ̀ níbẹ̀, á mú díẹ̀ ní Ṣágámù àti Ìpẹru, ilé iṣẹ́ náà á sì rán ẹni tó máa yẹ ìsọ̀ wò kí wọ́n tó gbowó: ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, bí wáyà iná ṣe rí, àti àyè tó wà láàárín ìsọ̀ kan sí èkejì.