Ọ̀dà olómi àti ọ̀dà elépo fún iṣẹ́ igi inú ilé

Ọ̀dà olómi àti ọ̀dà elépo ni oríṣi ọ̀dà méjì tí wọ́n sábà máa ń fi kun ilẹ̀kùn, férémù, fèrèsé, pẹpẹ ìwé àti kọ́bọ́ọ̀dù onígi. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìwà wọn ti wá. Fún igi tí wọ́n ti kùn rí, ohun tó wà lójú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló yẹ kí akunlé kọ́kọ́ wádìí, kó tó ronú kan irú ọ̀dà tí yóò rà.

Bí wọ́n ṣe ń gbẹ

Ọ̀dà elépo ni ọ̀pọ̀ akunlé ń pè ní gúlọ́ọ̀sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dà olómi tó ń dán náà wà. Alkyd, irú oje àtọwọ́dá kan, ló so ó pọ̀, èyí tí wọ́n máa ń fi epo líńsíìdì tàbí epo sóyà ṣe. Tínà inú rẹ̀ á kọ́kọ́ fẹ́ lọ, lẹ́yìn náà epo náà á máa fa ọ́síjìn mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, á sì máa le. Ó máa ń tó wákàtí 6 sí 8 kó tó ṣeé fọwọ́ kàn, àti wákàtí 16 sí 24 kó tó ṣeé kùn lẹ́ẹ̀kejì. Fífa ọ́síjìn yìí kì í dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ọ̀dà náà á gan, kò sì ní lè bá igi rìn mọ́ nígbà tí igi bá ń wú tàbí tó ń súnkì. Ìdí nìyí tó fi ń sán lójú fèrèsé tí oòrùn àti òjò ń bá.

Nínú ọ̀dà olómi, hóró ákíríìlì (irú ike kan) kéékèèké ló wà káàkiri inú omi. Bí omi ṣe ń gbẹ, àwọn hóró náà á fún mọ́ra, wọ́n á sì lẹ̀ pọ̀ di awọ kan ṣoṣo. Bí ìwọ̀n ooru bá lọ sílẹ̀ ju 10°C lọ, wọn kì í lè lẹ̀ pọ̀ dáadáa, ọ̀dà náà kò sì ní lágbára. Láàárín wákàtí 1 sí 2 ó ti ṣeé fọwọ́ kàn, lẹ́yìn wákàtí 4 sí 6 ó ti ṣeé kùn lẹ́ẹ̀kejì. Àmọ́ gbígbẹ rẹ̀ yàtọ̀ sí líle rẹ̀: ó lè gba ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kó tó le tán. Àìmọ èyí ló fà á tí ilẹ̀kùn tuntun fi ń lẹ̀ mọ́ férémù, tí ìwé sì ń lẹ̀ mọ́ pẹpẹ. Ẹ má pa ilẹ̀kùn náà dé pátápátá ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má sì tètè gbé ẹrù wúwo sórí pẹpẹ.

Oríṣi kẹta wà tó jẹ́ alkyd tí wọ́n pò mọ́ omi. Omi ni wọ́n fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó sì ń tẹ́jú ju ákíríìlì lọ, ṣùgbọ́n àwọ̀ funfun rẹ̀ lè yí sí ìyeyè díẹ̀ bó bá yá, bíi ti elépo.

Àwọ̀ funfun àti òórùn

Ọ̀dà elépo funfun máa ń yí sí àwọ̀ ìyeyè, pàápàá níbi tí ìmọ́lẹ̀ kì í dé: inú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀yìn kọ́tìnì, ẹ̀yìn àwòrán. Amóníà inú àwọn ohun ìfọlé kan tún máa ń mú un yá. Ákíríìlì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà òun ló yẹ fún igi tí a fẹ́ kó funfun pẹ́.

Èéfín tínà ló mú kí ìjọba dá sí ọ̀rọ̀ náà. Láti ọdún 2010, òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ààlà sí ìwọ̀n kẹ́míkà tó ń fẹ́ sínú afẹ́fẹ́ láti inú ọ̀dà iṣẹ́ igi: gíráàmù 300 nínú lítà kan fún elépo, 130 fún olómi.

Kíkun igi tó ti ní ọ̀dà

Láti mọ irú ọ̀dà tó wà lójú igi, ẹ fi ọṣẹ nu ibì kan mọ́, ẹ rin òwú sínú sípíríìtì tí wọ́n fi ń nu egbò, kí ẹ sì fi ra á dáadáa. Bí ọ̀dà bá rọ̀ tó sì yọ sára òwú, olómi ni. Bí kò bá yọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ elépo.

Ọ̀dà olómi tí a kùn tààrà sórí elépo tó ń dán kì í rí ibi dì mú. Èékánná lásán lè ṣí i bí ọ̀rá. Ẹ kọ́kọ́ fọ ọ̀rá tí ọwọ́ ti fi sára igi kúrò, ẹ fi sánpépà nọ́ńbà 180 tàbí 220 ha á títí dídán rẹ̀ á fi kú, ẹ nu eruku, kí ẹ wá kun praimà (ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń kọ́kọ́ kùn) tó ń lẹ̀ mọ́ ojú dídán. Lẹ́yìn èyí, ọ̀dà yòówù tí ẹ bá fẹ́ lè tẹ̀ lé e. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú (Amẹ́ríkà fòfin dè é fún ilé ní 1978). Ẹ má fi sánpépà gbígbẹ ha irú rẹ̀, nítorí eruku rẹ̀ léwu fún ọmọdé gan-an.

Igi tí a kò tíì kùn

Omi inú ọ̀dà olómi máa ń jẹ́ kí ojú igi gbérí. Lẹ́yìn ìpele àkọ́kọ́, ẹ fi sánpépà 220 rà á wẹ́rẹ́. Omi náà lè mú kí orí ìṣó dógùn-ún, kó sì fa àbàwọ́n oje igi jáde láti inú kókó. Praimà elépo tàbí ti ṣẹ́láákì (oje tí wọ́n ń rí lára kòkòrò kan) ló ń dí irú àbàwọ́n bẹ́ẹ̀ jù.

Ilẹ̀kùn tó ga ní mítà 2, tó fẹ̀ ní 0.8, tó mítà onígun mẹ́rin 3.5 bí a bá ka ojú méjèèjì àti etí rẹ̀. Bí lítà kan bá ń kun mítà onígun mẹ́rin 10, ìpele méjì á gba bíi lítà 0.7.

Búrọ́ọ̀ṣì onírun ẹranko ló yẹ ọ̀dà elépo. Nínú ọ̀dà olómi, irun náà á mu omi, á sì fẹ̀ kákiri, nítorí náà ti náílọ́ọ̀nù tàbí pọlíẹ́sítà ni kí ẹ lò. Àkísà tó ti gba ọ̀dà elépo tàbí epo líńsíìdì lè gbóná fúnra rẹ̀ títí tí yóò fi gbiná bí a bá ká a jọ. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níta kó gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi nínú agolo onídérí.